Kisha, densha tàbí SL? Àwọn ọ̀rọ̀ èdè Jàpáànù fún rélùwéè olóoru

Arìnnàkò:
Ẹ kú àkókò yìí o, gbogbo ará. Ìwé ìkọ́ni sọ pé "densha" ni rélùwéè. Ìwé atúmọ̀ èdè ní "kisha" ni. Àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn sì ń kọ "SL" ṣáá lórí ayélujára. Èwo gan-an lèèyàn ń sọ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rélùwéè àtijọ́, èyí tó ń jẹ èédú tó sì ń rú èéfín? Mo tún ń wá orúkọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀, àti ohun téèyàn lè sọ ní ibùdókọ̀ tí wọn ò fi ní máa wò ó bíi ti ẹni tó jáde látinú ìwé. Ẹni tó bá mọ̀ kó jọ̀ọ́ kó fi kún un.

OníKanji:
Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti ń lo kálukú ló yàtọ̀. Ẹ tú kanji wọn wò, ìyẹn àwọn àmì ìkọ̀wé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀, ẹ óò rí i.

車 (sha) ni ohunkóhun tó ń fi wíìlì rìn. 電 (den) ni iná mànàmáná, nítorí náà densha (電車) ni rélùwéè tó ń lo iná mànàmáná. Èyí tó ń gbé èrò káàkiri Tókíò lónìí nìyẹn. 汽 (ki) ni ooru omi. Ẹ wo ẹ̀kán omi mẹ́ta tó wà lápá òsì rẹ̀. Kisha (汽車) wá di rélùwéè olóoru. Kíláàsì kejì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ làwọn ọmọ Jàpáànù ti ń kọ́ kanji 汽 yìí, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i nínú ọ̀rọ̀ mìíràn ju kisha àti kiteki (fèrè ọkọ̀) lọ.

Ressha (列車) dúró lọ́tọ̀. Retsu ni ìlà, bí ìlà àwọn tó tò síwájú báńkì. Ọkọ̀ tí wọ́n so kọ́ra wọn ní ìlà ni ressha, ohun yòówù kó máa fà á. Nínú ìkéde ibùdókọ̀ àti ìwé ìlànà lẹ máa ti bá a jù.

Kikansha (機関車) kì í ṣe gbogbo rélùwéè náà o. Orí rẹ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì nìkan ni. Jōki kikansha (蒸気機関車) ni orúkọ orí olóoru ní kíkún, èyí tó máa ń wà nínú ìwé àti ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Lẹ́nu èèyàn lójoojúmọ́, SL ni. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, "steam locomotive", ni wọ́n gé sọ́nà, wọ́n sì ń pè é ní "esu-eru". Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa èyí tó ṣì ń rìn lónìí fún ìgbafẹ́, SL ni kẹ́ ẹ sọ. Bó bá jẹ́ ìtàn ayé baba ńlá, kisha bá a mu.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó ti kọ́ èdè Ṣáínà: lọ́dọ̀ wọn, kanji méjì kan náà yìí, 汽车, mọ́tò ni. Rélùwéè tiwọn ni 火车, ọkọ̀ oníná.

Atúmọ̀:
Ẹ ṣé, OníKanji. Mo fẹ́ fi ẹyọ kan sí i: kisha kò tíì kú pátápátá. Ní Hokkaido, erékùṣù wọn tó wà ní àríwá, àwọn àgbàlagbà ṣì ń pe rélùwéè tó ń ti ìlú kan lọ sí òmíràn ní kisha, bí kò tiẹ̀ sí ooru kankan níbẹ̀ mọ́. Densha lẹ́nu ará Sapporo, olú ìlú ibẹ̀, lè jẹ́ ọkọ̀ kékeré tó ń rìn lójú títì. Ní ìpínlẹ̀ Tokushima, wọn ò fa wáyà iná sórí ojú irin kankan, dísù ni gbogbo ọkọ̀ ń jẹ, kisha sì lọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu aráàlú. Àlejò tó bá béèrè "densha" níbẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ, àmọ́ ẹlòmíì lè rẹ́rìn-ín músẹ́. Orúkọ gidi ọkọ̀ onídísù yẹn ni kidōsha.

Ní ti bí a ṣe ń pè é, àwa Yorùbá ní àǹfààní níbẹ̀, ibẹ̀ náà la sì ti ń kọsẹ̀.

Ìlà tó wà lórí ō àti ū kì í ṣe àmì ohùn. Gígùn ló ń sọ, ẹ fa fáwẹ̀lì náà dé ìlọ́po méjì. Ẹni tó gé jōki (ooru omi) kúrú tó sì tẹ k mọ́lẹ̀ ti sọ jokki, ìyẹn kọ́ọ̀pù ńlá tí wọ́n fi ń mu bíà. Kọ́ńsónáǹtì méjì tó tẹ̀ léra, bíi ti ressha, ẹ dákẹ́ níbẹ̀ fún ìwọ̀n sílébù kan kẹ́ ẹ tó sọ "sha".

Ẹ má fi imú gbé "n" mì mọ́ fáwẹ̀lì. Densha kì í ṣe sílébù méjì, mẹ́ta ni: de-n-sha. "N" yẹn dá dúró bí "ǹ" àárín gbàǹgbà ṣe dá dúró. Àwọn tó gba èdè Jàpáànù lẹ́nu olùkọ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń pàdánù èyí. Ẹni tó bá pè é bó ṣe ń pe gbàǹgbà ti gbà á.

"Sh" wọn ni "ṣ" wa. Ẹni tí ẹ̀ka èdè ilé rẹ̀ kì í ya s kúrò lára ṣ kó ṣọ́ra gan-an, torí shashō (kọ́ńdọ́) tó bá di "sasō" kò ní yé ẹnikẹ́ni. "Tsu" ló le jù, bíi ti entotsu (ihò èéfín). Ẹ pa t àti s pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Entosu" kọ́, "entotu" náà kọ́.

Ohùn ń yí ìtumọ̀ padà lọ́dọ̀ tiwọn náà, bí kò tilẹ̀ tó tiwa. Hashi pẹ̀lú ohùn òkè tó já sí ìsàlẹ̀ ni igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun. Ìsàlẹ̀ tó gun òkè ni afárá. Ti Tókíò nìyẹn o. Ẹ dé Kyoto tàbí Osaka, ẹ óò bá a tí wọ́n dojú rẹ̀ kodò. Fún afárá rélùwéè, ẹ sọ tekkyō (afárá onírin), gbogbo wàhálà yẹn á kúrò nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó jọra pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Wọ́n ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń ṣàwàdà: *Kisha no kisha wa kisha de kisha shita.* Akọ̀ròyìn iléeṣẹ́ yín wọ rélùwéè padà sí iléeṣẹ́. Kisha mẹ́rin, ìtumọ̀ mẹ́rin, kanji mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n kọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú kanji rẹ̀, kí wọ́n má kọ́ ọ ní lẹ́tà ABD nìkan.

Ìkòkò_Iná:
Ẹ jẹ́ ká dé inú ọkọ̀ náà wàyí. Ẹni tó bá kọ́ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ bí ẹni ń ka álífábẹ́ẹ̀tì máa gbàgbé wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tẹ̀ lé iná, ẹ tún tẹ̀ lé ooru. Ọ̀nà méjì yẹn ló gbé gbogbo orúkọ náà dání.

Ọ̀nà iná nìyí. Èédú inú ilẹ̀ ni sekitan (石炭), "èédú òkúta" gẹ́lẹ́. Inú tansuisha (炭水車) ló wà, ọkọ̀ èédú-òun-omi tó wà lẹ́yìn orí. Àwọn kan ń pè é ní tendā. Adáná fi ṣọ́bìrì bù ú, ó dà á gba takiguchi (焚口) wọlé. Taki wá láti inú taku, "dá iná", ọ̀rọ̀ tí wọ́n tún ń lò fún sísè ìrẹsì. Guchi ni ẹnu. Ẹnu ààrò, ká kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kashitsu (火室), "yàrá iná", ló wà lẹ́yìn ẹnu náà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná gba inú àwọn páìpù tó la omi kọjá, enkan (煙管), ó dé enshitsu (煙室), "yàrá èéfín", níwájú pátápátá, ó sì bá entotsu jáde sókè. Eérú já sísàlẹ̀ sínú haibako, "àpótí eérú". Ẹ rí i pé 火 ni iná, 煙 ni èéfín, 室 ni yàrá, 管 ni páìpù: kanji mẹ́rin, ẹ ti lè tú ìdajì àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ọ̀nà ooru: omi tó wà nínú bọ́ílà hó, ooru rẹ̀ kóra jọ sínú jōkidame, iké tó yọ sókè lórí bọ́ílà. (Iké kejì tó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ooru, sunabako ni, àpótí iyanrìn. Lórí àwọn àkọ́kọ́ nínú D51, irú orí ọkọ̀ olóoru kan, abẹ́ ìbòrí gígùn kan ṣoṣo ni wọ́n kó méjèèjì sí.) Awakọ̀ fa kagenben (加減弁) láti jẹ́ kí ooru lọ sínú shirindā. Ka ni àfikún, gen ni àyọkúrò, ben ni ẹnu ọ̀nà tó ń ṣí tó ń pa dé: ohun tí wọ́n fi ń fi kún un tí wọ́n fi ń dín in kù. Ooru ti pisuton, pisuton ti shurenbō, ìyẹn ọ̀pá irin ńlá, shurenbō sì yí dōrin (動輪), àwọn wíìlì ńlá tó ń gbé ọkọ̀ rìn. Àwọn wíìlì kéékèèké tó wà níwájú dōrin ni senrin, tẹ̀yìn ni jūrin. Wọn kì í wa ọkọ̀, wọ́n kàn ń gbé ẹrù ara rẹ̀ ni.

Ooru tó ti ṣiṣẹ́ tán kò lọ lásán. Wọ́n darí rẹ̀ gba inú entotsu jáde, bó sì ṣe ń jáde pẹ̀lú agbára ló ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọ inú iná. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń ràn sí i bí ọkọ̀ bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ooru ń tú jáde nígbà tí dōrin bá yí lẹ́ẹ̀kan lórí ọkọ̀ oníshirindā méjì.

Ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: kama. Ìkòkò ìrẹsì ni kama (釜) ní ilé ìdáná. Lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, bọ́ílà ni kama, nígbà míì gbogbo orí ọkọ̀ náà ni. Iṣẹ́ adáná sì ni kamataki, ìkòkò dídá. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní "ii kama da", ọkọ̀ ni wọ́n ń yìn, kì í ṣe ọbẹ̀. Ohùn rẹ̀ tẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá gbé ohùn òkè sí iwájú tẹ́ ẹ wá já a sísàlẹ̀, dòjé ìgékoríko lẹ pè.

Aago méjì ni adáná kì í gbé ojú kúrò lára wọn. Atsuryokukei ń wọn agbára ooru. Lórí C57, irú orí ọkọ̀ mìíràn, kílógíráàmù 16 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró ni òpin rẹ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, anzenben á fúnra rẹ̀ ṣí, á tú ooru dànù pẹ̀lú ariwo. Ìkejì, suimenkei (水面計), "ìwọ̀n ojú omi", ló ṣe pàtàkì jù. Bí omi bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò bo òrùlé yàrá iná mọ́, irin òrùlé náà á gbóná kọjá àlà, ooru sì lè fà á ya. Tokesen (溶け栓), ìdérí tó ń yọ́, ni wọ́n fi sí òrùlé yẹn: á yọ́ ṣáájú irin, ooru á sì ya wọ inú iná láti kìlọ̀ fún wọn. Chūsuiki ni ẹ̀rọ tó ń ti omi wọ inú bọ́ílà.

Arìnnàkò:
Ẹ ṣeun gan-an, Ìkòkò_Iná. Kí ni wọ́n ń pe awakọ̀ àti adáná? Àti ohùn ọkọ̀ náà ńkọ́, irú "fàkàfìkì fàkàfìkì" tiwa?

Ìkòkò_Iná:
Kikanshi (機関士) ni awakọ̀, kikan-joshi (機関助士) ni adáná. Jo ni ìrànlọ́wọ́. Ẹ má pe ẹni tó ń wa densha ní kikanshi o, untenshi nìyẹn.

Atúmọ̀:
Ti ohùn ọkọ̀ dùn mọ́ mi. Àwọn náà lówó nínú irú ọ̀rọ̀ yìí bíi tiwa. *Shusshu-poppo* ni ti rélùwéè olóoru, lẹ́nu ọmọdé pàápàá: shusshu ni ooru tó ń tú jáde, poppo ni ihò èéfín tàbí fèrè. *Gatan-goton* ni ti wíìlì tó ń gorí ìsopọ̀ irin. Densha náà ń ṣe gatan-goton, torí náà ẹ má rò pé ti olóoru nìkan ni. *Bō* ni fèrè tó dún gígùn tó sì rinlẹ̀. *Mokumoku* ni èéfín tó ń rú túú.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí tiwa ni ipò rẹ̀ nínú gbólóhùn. Yorùbá máa ń fi í sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe: "èéfín ń rú túú". Jàpáànù máa ń fi í síwájú: *kemuri ga mokumoku to deru*. "To" yẹn ló ń so ó mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Katakana, lẹ́tà wọn tó ń dúró fún sílébù, ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ohùn, kì í ṣe kanji.

Ní ti fèrè, kiteki (汽笛): teki yẹn ni kanji fún fèrè tí wọ́n ń fi ẹnu fọn. Àwa náà ń pè é ní fèrè ọkọ̀, ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe bára mu? Àmọ́ ẹ ya ọ̀rọ̀ ìṣe méjì yìí sọ́tọ̀. *Kiteki ga naru*: fèrè dún. *Kikanshi ga kiteki o narasu*: awakọ̀ fọn fèrè. Ẹni tó bá sọ "kikanshi ga naru", awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dún.

Ayàwòrán_Ojú_Irin:
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá àwọn olólùfẹ́ SL sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́mbà, torí wọn kì í pe ọkọ̀ ní "ọkọ̀ dúdú yẹn".

Ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1928 ni: lẹ́tà ń ka iye ọ̀pá ìdábùú tó so dōrin ọ̀tún mọ́ tòsì. C jẹ́ mẹ́ta, D jẹ́ mẹ́rin, E jẹ́ márùn-ún. Nọ́mbà méjì tó tẹ̀ lé e, 10 sí 49 kò ní tansuisha, ara rẹ̀ ló gbé èédú àti omi sí. 50 sí 99 ní i. Èyí tó kù ni nọ́mbà ọkọ̀ náà gan-an. Nítorí náà D51 498: ọ̀pá mẹ́rin, ó ní tansuisha, irú 51, ọkọ̀ 498. Ẹ ò tíì rí àwòrán rẹ̀, ẹ ti mọ bó ṣe rí.

Orúkọ ìnagijẹ wọn wá láti inú bí wọ́n ṣe ń ka nọ́mbà. D51 ni *degoichi*: de, go (5), ichi (1). "De" ni, kì í ṣe "dī", bí wọ́n ṣe ń pe D láyé àtijọ́. C57 ni *shigonana*, C62 ni *shirokuni*. Àwọn tó ṣáájú 1928 kò ní lẹ́tà: 9600 ni *kyūroku*, 8620 ni *hachiroku*. C57 tún ní orúkọ oyè, *kifujin*, ìyáàfin ọlọ́lá, nítorí ara rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti wíìlì rẹ̀ tó ga ní mílímítà 1,750. Ti D51 jẹ́ 1,400 péré, torí ẹrù ló wà fún, kì í ṣe eré. Láti 1936 ni wọ́n ti ń ṣe D51, ó sì lé ní 1,100 tí wọ́n ṣe; kò sí irú orí ọkọ̀ mìíràn ní Jàpáànù tó pọ̀ tó o. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ará Jàpáànù tí kò mọ nǹkan kan nípa SL mọ degoichi.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ayàwòrán: gbogbo ohun funfun kọ́ ni kemuri (èéfín). Ìkùukùu funfun tó ń tú jáde nísàlẹ̀, nítòsí shirindā, nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, jōki ni. Ooru tó ti tutù di omi nínú shirindā ni wọ́n ń lé jáde, torí omi kì í sún kì, ó sì lè fọ́ shirindā. *Doren* ni wọ́n ń pè é. Kokuen ni èéfín dúdú, hakuen ni funfun, *bakuen* sì ni èyí tó bú jáde bí ẹni pé nǹkan gbaná. Ọ̀rọ̀ àwọn ayàwòrán ni, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò. Toritetsu là ń pe àwa ayàwòrán, noritetsu ni àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa wọ̀ ọ́.

Ibi tí èéfín ti ń dára jù ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kōbai. Pāmiru (‰) ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: 25‰ túmọ̀ sí pé ojú irin gòkè mítà 25 nínú mítà 1,000. Bí òjò bá rọ̀ tàbí ewé já sí ojú irin níbẹ̀, dōrin á máa yí lásán, ọkọ̀ ò ní lọ. Kūten nìyẹn (空転), "yíyí òfìfo". Iyanrìn inú sunabako ló wà fún un: *suna o maku*, kí wọ́n da iyanrìn sójú irin.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yìí: nobori. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni gígòkè, ẹ lè wá rò pé "nobori ressha" lórí ìwé àkókò ń gun òkè. Rárá o. Nobori ni ọkọ̀ tó dorí kọ ọ̀nà Tókíò, kudari ni èyí tó ń kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá lọ dúró de èéfín nobori lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kudari ń gùn á yàwòrán ọkọ̀ tó ń yọ́ sísàlẹ̀ láìrú èéfín. Fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gan-an, ẹ sọ *noborizaka*.

Ewé_Tíì:
Èmi mọ̀ pé bí awakọ̀ bá fẹ́ gbéra, "shuppatsu shinkō!" ló máa ń kígbe. "Ó yá, ká máa lọ" ni.

Ìkòkò_Iná:
Ewé_Tíì, ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ọmọdé ń lò ó bẹ́ẹ̀ nínú eré, àmọ́ lẹ́nu awakọ̀, àmì ọ̀nà ló ń kà sókè. Shuppatsu ni orúkọ àmì tó wà ní ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra, shinkō sì ni ohun tí àmì náà ń fi hàn, àwọ̀ ewé, ọ̀nà ṣí sílẹ̀. "Àmì ìgbéra: ọ̀nà ṣí." Bí àmì bá pupa, kò ní sọ ọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń nà sí àmì náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Shisa kanko ni orúkọ àṣà yẹn, láyé rélùwéè olóoru ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

OníKanji:
Ẹ jẹ́ n fi gírámà díẹ̀ sí i, torí ọ̀rọ̀ láìsí ọ̀rọ̀ ìṣe kò lè jáde lẹ́nu.

Àwa ń "wọ ọkọ̀", ọkọ̀ ń tẹ̀ lé "wọ" tààrà, torí náà ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ "SL o noru". Àṣìṣe ni. *SL ni noru* ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, *SL o oriru*. Tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ lọ síbì kan, *SL de iku*.

*Hashiru* ni sísáré fún èèyàn. Bí ọkọ̀ bá "ń sáré" lọ́dọ̀ tiwa, eré àsápajúdé ni, àmọ́ SL tó ń wọ́ bí ìgbín náà ń *hashiru*. Rírìn ọkọ̀ lójú irin lásán ni. Fún fífà, *hiku*: *C57 ga kyakusha o hiku*, C57 ń fa ọkọ̀ èrò. Bí orí méjì bá jọ fà á, jūren.

Fún iná, *hi o ireru* ni kí wọ́n dáná sí kama. Hiire ni ìdáná náà, bí ọkọ̀ tó ti pẹ́ ní ìsinmi bá sì tún fẹ́ jí, wọ́n lè ṣe ayẹyẹ hiireshiki fún un. *Hi o otosu* ni pípa iná. Jíjí padà yẹn ni fukkatsu. Èyí tó ṣì ń rìn wà ní dōtai hozon, ìtọ́jú alààyè. Èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ tí kò lè rìn mọ́ wà ní seitai hozon. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀rọ̀ kejì yẹn lórí máàpù, ẹ má retí èéfín.

Kíka ọkọ̀: *ryō*. Ichiryō, niryō, sanryō. Ẹ má lo hitotsu, futatsu.

Ọmọ_Ìdó:
Ìbéèrè: wọ́n máa ń kọ "kikan 1,067 mm" nínú àpèjúwe. Ṣé kikan inú kikansha ni?

OníKanji:
Ọmọ_Ìdó, rárá. Kikan inú kikansha ni 機関, ẹ́ńjìnnì. Èyí tẹ́ ẹ rí ni 軌間, àyè tó wà láàárín irin méjì. Bó ṣe dún nìkan ló jọra. 1,067 náà ni ojú irin àtijọ́ tiwa, èyí tó ti Ìdó dé Ìbàdàn ní 1901. *Kyōki* (狭軌), ojú irin tóóró, ni Jàpáànù ń pe ìwọ̀n yẹn. Ẹ fi kanji sí i tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́, torí kyōki mìíràn wà (狂気) tó jẹ́ wèrè.

Ayàwòrán_Ojú_Irin:
Ibi tó dára jù láti dán gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wò láàárín ọjọ́ kan ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè Kyoto. Senkei shako (扇形車庫) tí wọ́n kọ́ ní 1914 wà níbẹ̀. Sen ni abẹ̀bẹ̀: ilé ọkọ̀ tó rí bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣí, ojú irin 20 ló sì wọ inú rẹ̀. Àwọn kan ń kà á ní ōgigata shako, kanji kan náà ni. Ní ìdí abẹ̀bẹ̀ náà ni tenshadai (転車台) wà, pẹpẹ tó ń yí orí ọkọ̀ padà. Ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀ ni pé orí tó ní tansuisha kì í dùn ún wà sẹ́yìn, awakọ̀ ò ní ríwájú dáadáa.

Arìnnàkò:
Ó ku ti ìwé ọkọ̀. Kí lèèyàn máa sọ?

Atúmọ̀:
*SL no shiteiseki o nimai onegaishimasu*: ẹ jọ̀ọ́, ìjókòó SL méjì. Shiteiseki ni ìjókòó tí wọ́n ti fi pamọ́ fúnni. Ọ̀pọ̀ SL kò ní irú mìíràn, torí náà owó ọkọ̀ nìkan kò tó. "Mai" ni wọ́n fi ń ka nǹkan pẹlẹbẹ bíi tíkẹ́ẹ̀tì.

Lórí pátákó, ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Untenbi (運転日) ni ọjọ́ tó ń rìn, torí òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi ni púpọ̀ nínú wọn ń jáde. Manseki (満席), ìjókòó ti kún. Unkyū (運休), kò ní rìn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yàwòrán nítòsí òṣìṣẹ́: *Koko de shashin o totte mo ii desu ka?* Nínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ń ṣí, kó tó wọ ihò àpáta, wọ́n lè sọ pé *mado o shimete kudasai*, ẹ pa fèrèsé dé. Ẹ ṣe é lójú ẹsẹ̀. Susu (煤) ni ohun lẹ́búlẹ́bú dúdú inú èéfín tó ń wọni lójú, bó bá sì bà lé aṣọ funfun, ẹ má fi ọwọ́ nù ún, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù ni. Èyí tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ nù á wọnú òwú.

Arìnnàkò:
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ọ̀kan tó kù: mo rí ìkéde kan tó ní SL ti di DL lọ́jọ́ yẹn.

Ìkòkò_Iná:
Dīzeru kikansha nìyẹn, "dī-eru". Ó lè jẹ́ pé orí olóoru wọn ní koshō, nǹkan kan bà jẹ́ lára rẹ̀, orí onídísù ló sì máa fa àwọn ọkọ̀ èrò kan náà. Ìjókòó yín ṣì wà, àmọ́ kò sí kemuri, kiteki rẹ̀ á sì yàtọ̀. Bí èéfín lẹ tìtorí rẹ̀ lọ, ẹ béèrè ní ibi tẹ́ ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wọlé: *Haraimodoshi wa dekimasu ka?* Ṣé wọ́n lè dá owó padà?